Graphics card méjì lórí power pack kan: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kí wáyà tó yọ́

Àwọn tó ń gé fíìmù, àwọn tó ń ṣe kàtúùnù, àtàwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa lo AI lórí kọ̀ǹpútà tiwọn láìjẹ́ pé wọ́n ń sanwó fún ilé iṣẹ́ òkèèrè lóṣooṣù, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá lásìkò yìí: graphics card tó lágbára. Nígbà tí ẹyọ kan ò bá tó mọ́, wọn a wá ìkejì kún un. Iye tí káàdì náà jẹ́ ni wọ́n máa ń dúnàádúrà lé lórí ní Computer Village n'Ikẹja títí ọ̀fun á fi gbẹ. Power pack tó máa gbé iná fún un ńkọ́? Owó tó bá ṣẹ́ kù lápò ni wọ́n fi ń ra ìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wọlé. Ẹ mú RTX 3090 bí àpẹẹrẹ, káàdì tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn nítorí pé ó ní 24GB mẹ́mórì. Tó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, 350 wáàtì ni ẹyọ kan ń jẹ. Méjì rẹ̀ jẹ́ 700 wáàtì, a ò tíì mẹ́nu ba bọ́ọ̀dù, CPU àti fáànù. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ nílé kì í sábà ju 1000 sí 1200 wáàtì lọ. Áyọ́ọ̀nù a sì máa tàn, a máa kú fúnra ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń render fíìmù kò ní sinmi, ó lè fi wákàtí mẹ́jọ tẹ̀ lé ara wọn jẹ iná náà látalẹ́ dòwúrọ̀, tí ẹni tó ni ín sì ti sùn lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà máa ń sọ fún oníbàárà ni pé, "Tó bá ti jẹ́ 1000 wáàtì, ó máa gbé e." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò pé. Power pack lè tóbi bí ilé, kí wáyà tí iná ń gbà kọjá kéré bí okùn bàtà. Wáyà àti ẹnu wáyà ló sì máa ń yọ́, kì í sábà jẹ́ power pack fúnra ẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé iná inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe iná 230 fólítì tó wà lára ògiri. 12 fólítì péré ni power pack ń gbé fún káàdì. Bí fólítì bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó gbọ́dọ̀ ṣàn nínú wáyà ṣe máa pọ̀ tó kí wáàtì tó lè pé. Ẹ pín 700 wáàtì sí 12 fólítì, ẹ máa rí áńpíà 58. Ẹ̀rọ AC 1.5 hp tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú yàrá ńkọ́? Nǹkan bí áńpíà 5 ló ń fà lára ògiri. Èyí túmọ̀ sí pé iná tó ń ṣàn lọ sínú káàdì méjì yẹn ju ti AC lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú àwọn wáyà tín-ín-rín tó wà nínú àpótí kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ gba atẹ́gùn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Tí áńpíà tó ń gba inú wáyà kan bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń jáde lára wáyà náà kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà, wáyà tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láti ọdún tó kọjá lè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi káàdì kan ṣoṣo kún un.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀

Iná tó ń wọ inú káàdì kì í gba ojú kan ṣoṣo. Apá kan ń gba inú ihò orí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ki káàdì bọ̀, ìyókù ń gba àwọn wáyà tó ti inú power pack wá. Àwọn tó ṣe òfin PCI Express, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé, ti fi ìwọ̀n lé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ihò orí bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ gbé ju 75 wáàtì lọ. Ẹnu wáyà 6-pin, 75. Ẹnu wáyà 8-pin, 150. Káàdì tó bá ní ẹnu 8-pin méjì, 300 nìyẹn, tí wọ́n bá fi 75 ti inú ihò kún un, ó di 375. Ìdí nìyẹn tí káàdì 350 wáàtì tó ń lo 8-pin fi máa ń ní méjì, ó kéré tán. Àwọn mìíràn ní mẹ́ta.

75 wáàtì inú ihò yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí káàdì bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lọ́dún 2016, nígbà tí AMD gbé RX 480 jáde, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé iná tó ń fà láti inú ihò ju ìwọ̀n lọ. Kò pé oṣù kan tí ilé iṣẹ́ náà fi gbé driver tuntun síta láti dín in kù. Ẹyọ káàdì kan nìyẹn o! Àwọn káàdì tó wà lórí bọ́ọ̀dù kan náà, inú ẹnu wáyà 24-pin ńlá tó ń gbé iná fún bọ́ọ̀dù ni gbogbo wọn ti ń fa iná ihò wọn. Nínú pin 24 yẹn, méjì péré ló ń gbé 12 fólítì. Káàdì kọ̀ọ̀kan lè fa tó áńpíà 5.5 lórí 12 fólítì láti inú ihò, mẹ́ta á fa 16.5, orí pin méjì sì ni gbogbo ẹ̀ máa dà lé pẹ̀lú iná tí bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ń jẹ. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n dìídì ṣe fún káàdì púpọ̀ máa ń ní ẹnu wáyà mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò náà, 6-pin ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà a fi í sílẹ̀ láìki nǹkan kan bọ̀ ọ́, torí pé kọ̀ǹpútà ṣáà ń tàn. Tí káàdì bá ti ju méjì lọ, ẹ rí i pé wọ́n ki wáyà bọ ibẹ̀.

Wáyà SATA: ẹrù 150 lórí ọmọ 54

Nínú gbogbo ohun tó ń dáná sun kọ̀ǹpútà oníkáàdì púpọ̀, kò sí èyí tó burú tó ẹnu wáyà pàlàbà tí wọ́n ń pè ní SATA. Torí hard disk ni wọ́n ṣe é. Pin mẹ́ta ló ń gbé 12 fólítì nínú ẹ̀, ìwọ̀n ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ áńpíà 1.5. Ẹ ṣírò ẹ̀: áńpíà 4.5, tó jẹ́ 54 wáàtì. Hard disk kì í lo ìdajì ìyẹn, nítorí náà, fún iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, kò ní àléébù kankan.

Àmọ́ wáyà kékeré kan wà lọ́jà tí ẹnu ẹ̀ kan jẹ́ SATA, tí èkejì jẹ́ 6-pin tàbí 8-pin pàápàá. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹni tí wáyà káàdì tán lára power pack ẹ̀ á rà á, á kì í bọ̀ ọ́, káàdì á tàn. Káàdì ò mọ̀ pé SATA ló wà lẹ́yìn. 8-pin ló rí, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sì ni láti béèrè 150 wáàtì lórí ohun tí kò lè gbé ju 54 lọ. Rọ́bà ẹnu wáyà á gbóná, á rọ̀, pin tó ń gbé iná á sún mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, iná á sì sọ.

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa owó Ethereum mọ òórùn rọ́bà yìí dáadáa. Ṣáájú ọdún 2022, káàdì mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n máa ń tò sórí férémù kan. Wọn kì í ki káàdì sínú ihò tààrà. Bọ́ọ̀dù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní riser ni wọ́n ń gbé e lé, tí okùn USB á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Iná ihò yẹn, 75 wáàtì, ó wá di dandan kó ti inú power pack wá sí riser, wáyà SATA sì ni wọ́n sábà máa ń kó pọ̀ mọ́ ọn nínú páálí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, kò nílò káàdì mọ́. Àwọn tó ń fi í wa owó kárí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì wọn ní tòkunbọ̀, àwọn mìíràn sì ta riser àti wáyà pọ̀ mọ́ ọn. Káàdì tó bá ti orí férémù wá lè dára. Wáyà SATA tó bá bá a wá, ẹ gé e sọ nù. Kẹ́ ẹ gé e o, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn jù ú sínú dúrọ́ọ̀, nítorí ọmọ iṣẹ́ lè rí i lọ́la kó tún lò ó. Riser tó ní ẹnu 6-pin, tí wáyà 6-pin gidi ti inú power pack wọ̀ ọ́, ìyẹn ló ṣeé gbọ́kàn lé.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé power pack kì í pa ara ẹ̀ nígbà tí wáyà bá ń yọ́ báyìí. Ṣebí wọ́n ní power pack tó dáa ní ohun tó ń dáàbò bò ó? Ó ní in lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó ń wò ni àpapọ̀ iná tó ń jáde. Power pack 1000 wáàtì lè gbé áńpíà 83 lórí 12 fólítì. Áńpíà 12 tó ń gba inú SATA kọjá, kí ni ìyẹn jẹ́ lójú ẹ̀? Kò rí i bí ohun tó burú. Nítorí náà, bí power pack bá ṣe tóbi tó ni ewu wáyà burúkú ṣe ń pọ̀ tó, torí kò sí ohun tó máa dá iná dúró kí rọ́bà tó gbiná. Àwọn power pack kan wà tí wọ́n pín 12 fólítì wọn sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó máa fi pa ara ẹ̀. Àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ràn irú wọn torí pé wọ́n ní ó ń yọni lẹ́nu. Fún ẹni tó fẹ́ lo káàdì púpọ̀, irú wọn sàn ju oní-ọ̀nà kan lọ.

Wáyà kan, ẹnu méjì

Ọ̀pọ̀ wáyà power pack ló ní orí méjì: wáyà kan jáde, ó dé ọ̀dọ̀ káàdì, ó ní ẹnu 8-pin méjì tó so mọ́ra bí ìbejì. Tí káàdì bá ní ihò 8-pin méjì, ó rọrùn láti fi wáyà kan yẹn dí méjèèjì. Fún káàdì kékeré tí kò ju 200 wáàtì lọ, kò sí wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ní ti káàdì 350 wáàtì, ó léwu. Gbogbo iná tí ẹnu méjèèjì ń béèrè, inú ẹnu wáyà kan ṣoṣo tó wà lára power pack ló ti ń jáde, ibẹ̀ ló sì máa ń gbóná, lẹ́yìn àpótí níbi tí ojú ò tó. Wáyà kan fún ihò kan ni kí ẹnjiníà lò. Tí káàdì méjì bá ní 8-pin méjì-méjì, wáyà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tí power pack ò bá ní wáyà mẹ́rin, power pack náà ń sọ fún yín pé wọn ò ṣe òun fún iṣẹ́ yẹn.

Wọn kì í sì í yá wáyà lò láti inú power pack mìíràn. Àwọn power pack tí wáyà wọn ṣeé yọ, ẹnu tó kọjú sí káàdì bára mu nínú gbogbo wọn, àmọ́ ẹnu tó kọjú sí power pack kò bára mu rárá. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń to pin tiẹ̀ bó ṣe wù ú, kódà ilé iṣẹ́ kan náà lè yí i padà láti orí ẹ̀yà kan sí òmíràn. Wáyà á wọlé geere bí ẹni pé ibẹ̀ ni ilé ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì tan iná, 12 fólítì á gba ibi tí 5 fólítì yẹ kó gbà. Hard disk tí gbogbo iṣẹ́ oníbàárà wà lórí ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Bákan náà ni 8-pin ti CPU àti 8-pin ti káàdì ṣe jọra, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibi tí 12 fólítì wà lára ọ̀kan ni ground wà lára èkejì. Wọ́n ṣe ẹnu wọn kó má wọ ara wọn, àmọ́ ẹni tó bá fi agbára tì í lè rọ́ ọ wọlé. Tí wáyà bá ń ṣagídí, ẹ má fipá mú un.

Káàdì tuntun, ẹnu wáyà tuntun

Láti ìgbà tí RTX 4090 ti jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ẹnu wáyà kékeré kan ti gbòde, orúkọ ẹ̀ ni 12VHPWR. Òun nìkan lè gbé 600 wáàtì, bẹ́ẹ̀ kò tóbi tó 8-pin méjì. Pin mẹ́fà ló ń gbé 12 fólítì nínú ẹ̀. Tí 600 wáàtì bá ń kọjá, áńpíà 50 ni, èyí jẹ́ 8.3 lórí pin kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n pin náà sì jẹ́ 9.5. Ẹ fi wé 8-pin àtijọ́: 150 wáàtì lórí pin mẹ́ta, áńpíà 4.2 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àtijọ́ ní ààyè láti mí. Ti tuntun kò ní.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán ẹnu wáyà tó ti yọ́ jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Nvidia sọ pé nǹkan bí 50 irú ẹ̀ ni òun mọ̀ nípa ẹ̀ lágbàáyé, àti pé ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọn ò ki wáyà náà wọlé tán. Wọ́n ti tún un ṣe sí ẹ̀yà tuntun tó ń jẹ́ 12V-2x6, tí pin kéékèèké inú ẹ̀ kúrú díẹ̀ kí káàdì lè mọ̀ tí wáyà ò bá wọlé dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí RTX 5090 tó ń jẹ 575 wáàtì dé lọ́dún 2025, ìròyìn wáyà tó yọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú káàdì yìí, kó tì í títí tí kò fi ní rí àlàfo kankan láàárín ẹnu wáyà àti káàdì, kó sì má ká wáyà náà kọ́dọrọ́ nítòsí ẹnu ẹ̀. Láti lo méjì irú ẹ̀ nínú àpótí kan láìdín agbára wọn kù, iṣẹ́ tó kọjá ṣọ́ọ̀bù kékeré nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ka àkọlé ara power pack

Nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí kọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ power pack, àkọlé kékeré kan wà tó ní ìlà fún +12V. Áńpíà tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Power pack gidi tó jẹ́ 850 wáàtì máa ń ní nǹkan bí áńpíà 70 níbẹ̀, tó jẹ́ 840 wáàtì. Tí wọ́n bá kọ 850 sára páálí, tí +12V ẹ̀ sì jẹ́ áńpíà 45, 540 wáàtì lẹ rà, torí pé 12 fólítì nìkan ni káàdì ń jẹ. Èyí tí kò ní àkọlé yẹn rárá, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ká ní káàdì méjì jẹ́ 700, CPU 125, ìyókù 75, ó jẹ́ 900 wáàtì. Power pack 1000 lè gbé e lójú ìṣírò, ṣùgbọ́n káàdì kì í jẹ iná bákan náà ní gbogbo ìgbà. RTX 3090 lè fò sókè kọjá 350 gan-an fún ìṣẹ́jú tí kò tó ojú ṣẹ́, méjèèjì sì lè fò lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ATX 3.0 tó jáde lọ́dún 2022 ní kí power pack tó ní ẹnu wáyà tuntun lè fara da ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ fún ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá, torí irú ìfòsókè yìí ni. Power pack àtijọ́ tí kò lè fara dà á á kàn pa ni. Kọ̀ǹpútà á kú fìrì láàárín iṣẹ́, á tún tàn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní fáírọ́ọ̀sì ni, á fi Windows tuntun sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní gbọ́ràn. Fún káàdì méjì irú yìí, 1200 wáàtì sókè ló dáa.

Àmọ́ ọ̀nà kan wà tí kò ní náni ní kọ́bọ̀. Driver Nvidia máa ń gbà kí ẹni tó ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ dín iná tí káàdì lè jẹ kù. Wọ́n á kọ nvidia-smi -pl 280 sínú ojú ìwé àṣẹ, káàdì 350 ò sì ní kọjá 280 mọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe á dínkù díẹ̀, kò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí, ṣùgbọ́n 140 wáàtì ti kúrò lórí káàdì méjèèjì, ooru sì ti rọlẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń lo káàdì méjì kò fi ní ṣe é. Ẹ rántí pé tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà tí wọ́n tún tàn án, á padà sí 350, àfi tí wọ́n bá ṣètò ẹ̀ kó máa ṣe é fúnra ẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń so power pack méjì pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan: ó ṣeé ṣe, àmọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, riser káàdì kan àti wáyà 8-pin ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti inú power pack kan náà wá. Ẹni tó lè ra ẹyọ kan tó tóbi, kó ra ẹyọ kan.

Láti ara ògiri

Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 900 wáàtì nínú lọ́hùn-ún máa fa nǹkan bí 1000 lára ògiri, torí power pack tó dáa pàápàá ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣòfò bí ooru. Lórí 230 fólítì, áńpíà 4.3 nìyẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 áńpíà sì lè gbé e. Àmọ́ ta ló ń rí 230 ní gbogbo ìgbà? Tí iná NEPA bá já wá sí 160, power pack ò ní dín iṣẹ́ kù, áńpíà ló máa fi kún, á di 6.25. Extension olówó pọ́ọ́kú tí wáyà inú ẹ̀ tín-ín-rín, tí wọ́n tún ká jọ sábẹ́ tábìlì, ò lè fara da ìyẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ki pílọ́ọ̀gì bọ ògiri tààrà. Fíúùsì tó bá jó nínú pílọ́ọ̀gì, fíúùsì ni kí wọ́n fi pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe bébà fàdákà inú páálí sìgá.

Power pack tòkunbọ̀ àtijọ́ kan wà tó ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, 115 lápá kan, 230 lápá kejì. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè ṣì wà lórí 115. Ẹni tó bá kì í bọ iná Nàìjíríà láìyí i, ìró ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́.

Tí ara àpótí kọ̀ǹpútà bá ń gbọ̀n jìnnìjìnnì lọ́wọ́ ẹni tó fọwọ́ kàn án, earth ni ilé yẹn ò ní. Àwọn oníná ló máa tún ìyẹn ṣe, kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà. UPS 650VA tó wà lọ́pọ̀ ọ́fíìsì kò lè gbé ju nǹkan bí 400 wáàtì lọ, nítorí náà, lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, òun náà á tẹ̀ lé e. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tó kílówáàtì kan, kó gbé iṣẹ́ mìíràn. Inverter 1.5kVA lè gbé nǹkan bí 1200 wáàtì, tí wọn ò bá so fìríìjì mọ́ ọn.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti wà ní ìdúró, kí ẹnjiníà jẹ́ kí káàdì méjèèjì ṣiṣẹ́ dé góńgó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó gbé ẹ̀rọ fún oníbàárà. Kó wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rọ́bà wáyà kọ̀ọ̀kan láti òpin dé òpin, títí kan apá ti power pack. Lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Èyí tí ọwọ́ ò bá lè dúró lórí ẹ̀, kí wọ́n pa ẹ̀rọ láti ara ògiri lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù méjì-mẹ́ta síra, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá ti dí ojú fáànù. Ẹnu wáyà tí àwọ̀ ẹ̀ bá ti ń di bí èèpo iṣu, tàbí tó ń rùn, kò ṣeé fọ̀, kò sì ṣeé fi táápù lẹ̀. Pin inú ẹ̀ ti rọ̀, kò ní di ara wọn mú mọ́, á sì máa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Wáyà tuntun tó jẹ́ ti power pack yẹn gan-an ni kí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ihò tó wà lára káàdì wò bóyá òun náà ti jó. Power pack fúnra ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tú u: iná tó ju 300 fólítì lọ lè ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ pílọ́ọ̀gì.